Apá Òsì Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí fáàrí ṣe ń rí kó tó wọṣọ, kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ibẹ̀ ni ìyàwó ọlọ́lá ti ń fa ikùn sínú bí wọ́n bá fẹ́ wọn ìbàdí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọkùnrin tó ní òun ò ka aṣọ sí ti ń yí bírí níwájú dígí bí ajá tó ń wá ìrù ara rẹ̀. Màdáámú mọ gbogbo wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi teépù yí ìbàdí àwọn èèyàn ká, ó sì ti mọ̀ pé oníbàárà kan, ìwọ̀n méjì ni: èyí tó fẹ́ gbọ́, tí à ń pè sókè, àti èyí tí ojú wa rí, tí à ń fi gé aṣọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí teépù kàn ni ara rẹ̀. Ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ lọ́dún tó bí àkọ́bí ló ṣì fi ń gé aṣọ ara rẹ̀. Bí aṣọ náà bá há a láyà, á ní aṣọ ayé ìsinsìnyí ò níwà, pé bí wọ́n bá ti fi omi kàn án báyìí, ó ti súnkì nìyẹn. Bí kò bá wá sẹ́ni tó ń wò, á tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, á fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á sì rán an padà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Fèrèsé méjì kọjú sí àgbàlá, dígí gígùn kan dúró ní kọ̀rọ̀, tábìlì ìgéṣọ sì gba àárín yàrá bí ibùsùn ọba. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níbẹ̀, àyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, òwú àti bọ́tìnnì tí Ọlọ́run nìkan mọ iye wọn wà níbẹ̀. Àmọ́ àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé aṣọ oníbàárà, ẹyọ kan ni. Òfin ilé ni. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni ọ̀gá, àwọn tó kù ń rán ohun tí ọ̀gá bá gé. “Abẹ́rẹ́ a máa tọrọ àforíjì,” ni Màdáámú máa ń wí. “Aṣọ tí o rán bàjẹ́, tú u, kó o tún un rán. Èyí tí o gé bàjẹ́, lọ fi nu ilẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abiyamọ ni òun náà, ó lè rán kọ́là kó dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun tí ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì fi àlùmọ́gàjí yẹn kan aṣọ oníbàárà rí. Ọ̀gá Kékeré ni àwọn oníbàárà ń pè é. Orúkọ náà kì í pa á lẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ooru ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Fún bí ọdún méjì, nǹkan oṣù Màdáámú ń wá lọ́jọ́ tó bá wù ú, bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá òun á sùn tàbí òun á lọ. Nígbà tó yá, ó lọ, kò sì dágbére. Màdáámú ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹrù tí àlejò náà gbàgbé sílẹ̀ ni kò ṣeé fi pamọ́. Á jókòó jẹ́jẹ́, ooru á sì ru láti àyà, á gun ọrùn, á dé ojú, bí ẹni tó ṣí ìdérí ìkòkò gbígbóná sórí rẹ̀. Òógùn á bo ètè òkè, ọwọ́ á máa yọ̀. Kó tó nu ojú tán, òtútù á ti mú un. Oorun di ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ nìkan. Orúnkún ń ro ó. Inú ń bí i sáwọn èèyàn, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sì ṣẹ̀ ẹ́ kò ju pé wọ́n kí i lọ.

Ta ló jẹ̀bi? Fáànù ni. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún un pààrọ̀, ó lọ bá ẹni tó tà á fún un pé àwọn fáànù òde òní ń yí lásán ni, wọn ò fẹ́. Ní tòótọ́, fáànù náà fẹ́ débi pé ọkọ rẹ̀, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń fi oògùn dúdú pa irun rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn.

“Ṣé orí òkè oníyìnyín la kó wá ni?” ló bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó fi aṣọ ìbora wé orí.

“Ẹ lọ sùn ní pálọ̀.”

“Èmi? Kí n fi ibùsùn mi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́?”

“Ẹ bá afẹ́fẹ́ jà, ẹ má bá mi jà.”

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí aṣọ Adájọ́ fi dé.

Adájọ́ ń fẹ̀yìn tì. Aṣọ dúdú ló ti fi jókòó sórí àga ìdájọ́ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, ó sì ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa dágbére fún òun, òun fẹ́ kí wọ́n tó rí òun. Ó gbé sílíkì kan wá tó ní àwọ̀ ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ya àwọn ẹyẹ kéékèèké sí lójú. Àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà.

Sílíkì bẹ́ẹ̀ a máa yọ̀ bí ẹja, kò ṣeé ṣẹ́ po gé. Apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé lọ́tọ̀. À á tẹ́ bébà ìgéṣọ lé e, à á gé apá òsì. À á wá dojú bébà náà dé kí á tó gé apá ọ̀tún. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá mọ̀ ọ́n. Màdáámú mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n oorun ọjọ́ mélòó kan ti sọnù lójú rẹ̀, bó sì ṣe gé apá òsì tán báyìí, ooru ru. Ẹ̀kán òógùn kan bọ́ lé orí ẹyẹ kan. Ó yára nu ojú, ó ní kí òun tètè parí kí ọmọ òun tó wọlé bá òun bẹ́ẹ̀, ó gbé bébà síwájú bó ṣe wà, ó sì gé.

Ọ̀gá Kékeré ló fi píìnì so wọ́n mọ́ ère onígi tí wọ́n fi ń wọ aṣọ wò. Ó so ọ̀kan. Ó mú ìkejì, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Màmá, ẹ wá wo nǹkan.”

“Kí ni mo fẹ́ wò? Mo ń ṣiṣẹ́.”

“Apá ọ̀tún dà?”

“Kí lo wá mú lọ́wọ́?”

“Òsì ni. Èyí tó wà lára ère, òsì ni. Àfi tí Adájọ́ bá ní apá òsì méjì.”

Màdáámú gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín, ìjà ì bá wà níbẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n gba àlùmọ́gàjí yìí lọ́wọ́ yín. Ẹ ti ṣe títí. Ẹ máa jókòó, kí ẹ máa tọ́ wa sọ́nà.”

“Ṣé mo ti kú ni?”

“Ta ló sọ̀rọ̀ ikú?”

“Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa jókòó kó máa tọ́ èèyàn sọ́nà, ó ku ìwọ̀nba fọ́tò tí wọ́n máa fi kọ́ ògiri.”

Adájọ́ fúnra rẹ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó, ó gbọ́ ti olùjẹ́jọ́ láì fajú ro, ó wo apá òsì méjèèjì, ó rí i pé òógùn ti fi àmì sí méjèèjì lára, ó sì mí kanlẹ̀. “Mo fẹ́ fi èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ náà ṣe ìborùn,” ló wí. “Ẹ gé apá méjèèjì tuntun níbẹ̀. Mo lè jáde láìní ìborùn. Mi ò lè jáde láìlápá. Ó ṣì ku oṣù mẹ́ta, ẹ má kánjú. Àmọ́ kò sí òmíràn mọ́ o, lẹ́yìn èyí, ó tán.”

Bó ṣe jáde, ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ìyá.

“Èmi ni n ó gé e,” Màdáámú wí.

“Kò burú. Bí ẹ bá gé e tó bọ́ sí i, mi ò ní dárúkọ àlùmọ́gàjí mọ́ láéláé. Bí ò bá bọ́ sí i ńkọ́?”

Màdáámú ì bá ti sọ pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́”, kó sì sá wọ inú ilé. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí ẹnu dákẹ́. “Bí ò bá bọ́ sí i, gbà á. Máa gé. Èmi á máa to bọ́tìnnì.”

Ó wí i tán, ó sì gbá àlùmọ́gàjí mọ́ àyà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Nọ́ọ̀sì mú ṣòkòtò kan dé. Òun àti Màdáámú jọ lọ sílé ìwé. Ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ gba ọmọ àwọn èèyàn sáyé títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi nílé, kò sì sinmi. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni.

“Bá mi gbà á wọlé ní ìbàdí,” ló wí. “Ó ti fẹ́ máa já bọ́ lára mi.”

Màdáámú wò ó bí ẹni tó rí iwin. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wọlé, “bá mi fẹ̀ ẹ́” ni wọ́n ń wí. Kò sẹ́ni tó ní kó gba nǹkan kan wọlé rí.

“Àìsàn wo ló ń ṣe ọ́?”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. “Ìrìn ló ń ṣe mí. Èmi àti àwọn obìnrin kan la máa ń pàdé láàárọ̀ ní pápá ilé ìwé wa àtijọ́. A máa rìn yí i ká, a máa na ara díẹ̀, a máa lọ sílé. Ó yẹ kó o wà níbẹ̀, Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀!”

Ó ti pẹ́ tí etí Màdáámú ti gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn. Ó bọ́ sí i létí bí omi tútù. Ó rí pápá náà bó ṣe wà nígbà yẹn: ìlà funfun tí wọ́n fi ẹfun fà sórí koríko, ìrì tó ń tutù láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń pariwo lábẹ́ igi. Nínú eré ìje tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, Nọ́ọ̀sì ló máa ń sá ipò kẹta, òun ló máa ń sá ìkẹyìn. Á na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Ọ̀pá á bọ́ sí i lọ́wọ́, á ṣì gbóná láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ayé á sì dákẹ́. Ohun tó ń gbọ́ kò ju èémí ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Òun pàápàá gbà pé kò kanlẹ̀.

Àfi bí ooru ṣe ru síbi tó jókòó sí. Ó nawọ́ sí fáànù. “Fáànù yìí...”

“Fi fáànù sílẹ̀. Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù ẹ kẹ́yìn?”

“Rọra sọ̀rọ̀! Ọmọ mi wà nínú ilé.”

“Ọmọ ẹ náà á dé ibẹ̀, tó bá pẹ́ láyé.”

“Kò tíì kàn mí. Àwọn àgbàlagbà ló wà fún.”

“Ìwọ ńkọ́? Ìkókó? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ orúkọ wa sílé ìwé, má bà mí lọ́jọ́ orí jẹ́.” Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ ọn. “Gbọ́. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Mi ò ní sọ pé bó o bá rìn, ooru náà á kó ẹrù ẹ̀ kó lọ lọ́la. Ti ẹlòmíì máa ń dín kù, ti ẹlòmíì máa ń pẹ́. Àmọ́ oorun á padà wá. Egungun á le. Orúnkún tó ò ń fọwọ́ pa yìí á rántí iṣẹ́ rẹ̀. Inú tó ń bí ẹ sí gbogbo ayé á rọlẹ̀. Bí ooru bá sì le jù, dókítà wà, oògùn wà, ojú ò tini níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dìde nílẹ̀ ná. Ó ti tó ìgbà tó o ti jókòó.”

Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ egungun kọ́ ló mú Màdáámú. Ìbàdí ṣòkòtò yẹn ni. Ìbàdí náà, àti orúkọ yẹn.

Kò kúkú lè lọ sí pápá bí èèyàn lásán. Ó kọ́kọ́ rán aṣọ. Aṣọ eré ìdárayá dúdú tí ìlà funfun gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé kókósẹ̀. Ìwọ̀n tó fi gé e, ẹ ti mọ ọdún tí ó ti wá. Ó ra bàtà kánfáàsì, ó fi ẹfun kùn ún bí ti ìgbà ilé ìwé. Ọkọ rẹ̀ wò ó láti orí sí àtẹ́lẹsẹ̀ nínú aṣọ ìbora rẹ̀. “Ta ló ń bá ẹ díje?”

“Ẹ padà sùn.”

Nígbà tó débẹ̀, pápá náà kéré ju bó ṣe máa ń rí lójú iyè rẹ̀ lọ, àmọ́ òórùn koríko tútù náà kò yí padà, òun náà ló sì ba nǹkan jẹ́. Àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá wà níbẹ̀, wọ́n ń mira, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì fọn fèrè. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ o, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìrìn tí èèyàn lè fi máa sọ̀rọ̀!”

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màdáámú gbọ́ fèrè. Fèrè yìí kì í ṣe fún ìrìn létí rẹ̀. Kó tó mọ̀, ẹsẹ̀ ti gbé e. Ó sá! Ó kọjá àwọn obìnrin náà, afẹ́fẹ́ ń gba etí rẹ̀ kọjá, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí wọ́n tú sílẹ̀ nílé ìwé, ó sì dájú pé ẹsẹ̀ òun ò kanlẹ̀. Ó dé ibi tí pápá ti ṣẹ́ kọ́nà, iṣan itan rẹ̀ sọ pé “pà!”, gbogbo ara rẹ̀ sì kanlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò tuntun náà fàya láti ìbàdí dé orúnkún.

Nọ́ọ̀sì bá a níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ta ló ń lé ọ?”

“O fọn fèrè.”

“Mo ní ká rìn.”

“O fọn fèrè!”

Nọ́ọ̀sì jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú koríko, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Díẹ̀ lára ti Màdáámú kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ó tiro wọlé. Ó sùn lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi àlùmọ́gàjí sábẹ́ ìrọ̀rí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ṣe ọ̀gá lẹ́yìn òun. Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kan irin náà nígbà tó ń tún ibùsùn ṣe. “Ẹ̀mí mi lo wá ń lé báyìí?” Láti ọjọ́ náà ló ti lọ ń sùn ní pálọ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó padà sí pápá, aṣọ ilé tó fẹ̀ dáadáa ló wọ̀. Nọ́ọ̀sì fi í sẹ́yìn, láàárín àwọn tó ń rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ooru láìbojú. Ọ̀kan ní òun ti ṣí ìlẹ̀kùn fíríìjì, òun sì ki orí bọ̀ ọ́ níṣojú ìyá ọkọ òun. Òmíràn ní òun sunkún nítorí pé ìṣáná kọ̀ láti ràn. Lẹ́yìn ìrìn, wọ́n á gbé ìgò tí wọ́n bu omi kún sókè sódò, wọ́n á dìde lórí àga, wọ́n á jókòó, wọ́n á tún dìde, láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ó dà bí eré ọmọdé. Ọjọ́ tí Màdáámú kọ́kọ́ ṣe é, itan rẹ̀ gbọ̀n bí ewé.

Kò yá. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń ṣépè fún Nọ́ọ̀sì lábẹ́ ahọ́n. Àfi ìgbà tó jí lọ́jọ́ kan tí oòrùn ti ń wọlé lójú fèrèsé, tí kò mọ̀gbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń wò ó bí ẹni tó rí nǹkan he.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n ń rìn yí pápá ká, tí ìkùukùu ṣì wà lórí koríko, tí ohun kan fi sọ sí i lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ ló rántí. Aránṣọ ni ìyá náà, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló lò dọ́jọ́ ikú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni ń gun òkè tí kò lópin. Ìgbà kan wà, Màdáámú ò tíì ju ọmọ ilé ìwé lọ, tí ìyá rẹ̀ ṣàdédé ń dìde láfẹ̀mọ́júmọ́, tí á máa rìn yí ilé ká. Àwọn ọmọ á wà lórí ẹní, wọ́n á gbọ́ bàtà rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́, á lọ, á tún yí padà dé. Bàbá wọn ní àdúrà ló ń gbà. Àwọn ọmọ ní olè ló ń ṣọ́, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á tún sùn. Bí ó bá wọlé padà, ojú rẹ̀ á tutù, á dá iná, á máa kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò sí ohùn tó tù wọ́n lára tó ìró bàtà yẹn.

Màdáámú dúró sójú ọ̀nà. “Ooru ló ń mú un,” ló wí.

“Mú ta ni?”

“Màmá mi. Gbogbo ìgbà yẹn. Olè kankan ò sí.”

Nọ́ọ̀sì dúró tì í.

“Kí ló dé tí ò sọ fún wa?”

“Ta nìwọ náà sọ fún?”

Ó rin yòókù tán. Nígbà tó délé, Ọ̀gá Kékeré ń fi àyọ́ọ̀nù sí ẹ̀yìn kọ́là. Màdáámú jókòó níwájú rẹ̀, ó tún aṣọ ìdí rẹ̀ ṣe, ó wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun.

“Mo fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ. Nǹkan oṣù mi ti dúró.”

“Mo mọ̀, Màmá.”

“O mọ̀?”

“Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹni tó ń ta fáànù ló sọ fún wọn.”

Ọmọ náà gbé àyọ́ọ̀nù sílẹ̀. “Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí ẹ fi ń fi pamọ́ fún mi. Mo rò pé iṣẹ́ ló ti ń sú yín, tí ẹ ò fẹ́ wí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé e fún mi nìyẹn.”

“Iṣẹ́ ò sú mi.”

“Mo ti rí i báyìí.”

“Àdéhùn wa ṣì wà níbẹ̀ o.”

“Ó wà níbẹ̀,” ni ọmọ náà wí, ó sì tún gbé àyọ́ọ̀nù. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Àárọ̀ ni Màdáámú yàn láti gé sílíkì náà, lẹ́yìn tó ti pápá dé, nígbà tí ara ṣì fúyẹ́ tí ọwọ́ ṣì gbẹ. Ó tẹ́ ìborùn Adájọ́ tí kò ní di ìborùn mọ́ sórí tábìlì. Ó pa fáànù, kí aṣọ má baà gbéra. Ọ̀gá Kékeré fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká apá mọ́ àyà. Màdáámú tẹ́ bébà, ó fi píìnì dì í, ó gbé àlùmọ́gàjí. Irin náà gba inú sílíkì kọjá bí ọkọ̀ ojú omi lórí odò tó dákẹ́. Apá òsì bọ́ sílẹ̀, mímọ́ tónítóní.

Ó gbé bébà sókè. Ó dojú rẹ̀ dé. Ó wo ọmọ rẹ̀, kí ó lè rí i pé òun dojú rẹ̀ dé. Ó tẹ́ ẹ lé èyí tó kù, ó dì í ní píìnì yíká. Ó ki àtàǹpàkò bọ ojú àlùmọ́gàjí.

Ooru ru.

Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe ń bọ̀: àyà, ọrùn, ojú. Òógùn ti ń kó jọ létè òkè. Bí èyí bá jẹ́ oṣù méjì sẹ́yìn, á ti yí ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, á ti rọ́jú, á ti gé e kíá kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó dúró fún ìṣẹ́jú kan, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹyẹ kéékèèké ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló rọra fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lórí tábìlì.

“Ó ti dé,” ló wí. “Mo ń bọ̀.”

Ó jáde sí àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sá. Ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ síbì kan tí ibẹ̀ ò sì ní sá fún un, ó ń mí wọlé láti imú, ó ń mí jáde láti ẹnu. Ó kọjá lábẹ́ okùn ìsáṣọ, ó yí ẹ̀yìn ilé ká, ó dé ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ ti kúrò lára ògiri. Ó dúró sídìí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí sílíkì náà kí atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé wọlé má baà sún un. Kò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí.

Màdáámú rìn kọjá. Ó tún yí ilé ká. Nígbà tó tún dé ojú fèrèsé, ọmọ náà ṣì wà bẹ́ẹ̀, kò mira, apá rẹ̀ ti ń ro ó, ó hàn lójú rẹ̀.

Màdáámú ò dúró. Ó ń rìn lọ, ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. “Kí lò ń wò? Gé e.”

“Kí ni?”

“Apá ọ̀tún. Mo ti dojú ẹ̀ dé. Gé e!”

“Màmá, àdéhùn wa ńkọ́?”

“Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ àdéhùn? Ṣé o ò rí i pé mo ń rìn?”

Ó ti ṣẹ́ kọ́nà ilé. Láti ẹ̀yìn ibẹ̀ kò rí nǹkan kan, etí ló fi ń ṣọ́ ọmọ náà. Dídákẹ́ ni yàrá náà dákẹ́, ó dákẹ́ títí ó fi fẹ́ já a láyà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ: irin nínú sílíkì, lọ́ra, lọ́ra, kò kánjú, kò dúró. Ọrùn ń dùn ún láti nà kó wo inú fèrèsé. Òógùn ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò nù ún. Ó ń rìn.

“Màmá!” Ọmọ náà ti yọrí lójú fèrèsé, ó ti ki apá ọ̀tún ara rẹ̀ bọ inú sílíkì náà dé èjìká, ó nà án síta sínú oòrùn. “Ọ̀tún ni! Ẹ wá wò ó!”

“Mo ti gbọ́,” Màdáámú wí. “Má làágùn sí i lára. Jẹ́ kí n yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i.”